Mo Gun Alùpùpù Tẹ̀lé Rónkẹ́ ní Ẹ̀yìn Accra

Láti ọjọ́ tí mo ti dé, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ẹ̀yin ará ilé ń bi mí. Ẹ kò bi mí bóyá mo rí oúnjẹ jẹ, ẹ kò bi mí bí eékún mi ṣe rí. "Ọmọ náà dà?" ni gbogbo yín ń wí, bí ẹni pé ewúrẹ́ ni ẹ rán mi lọ fà bọ̀. Ó ti rẹ̀ mí láti máa rò ó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mo ti jókòó, mo ti mú bírò, n ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ kà á, kí ẹni tí ojú rẹ̀ kò bá ríran mọ́ jẹ́ kí ọmọ ọmọ rẹ̀ kà á fún un.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀, torí àwọn ọmọdé àárín yín tí wọn kò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Jákọ́bù, ti wà ní Accra láti ìgbà tí èmi ṣì wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Àwa méje ni ìyá wa bí, àwa méjì ló kù. Ìyàwó Bọ̀dá ti kú, ọmọ kan ṣoṣo ló sì fi sílẹ̀ fún un, Rónkẹ́, tí wọ́n bí sí ibẹ̀, tó ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n báyìí. Bọ̀dá ránṣẹ́ sí wa pé òun fẹ́ wálé wá sinmi, ṣùgbọ́n òun kò lè fi ọmọbìnrin nìkan sílẹ̀ ní ilẹ̀ àjèjì, pàápàá èyí tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí Rónkẹ́ ń ṣe. Ó ní ó ń gun alùpùpù nínú igbó, ó ń kó àlejò kiri oko olóko. Ó ní kí á rán ẹnì kan wá bá a sọ̀rọ̀. Bí ọmọ bá gbà láti wálé, òun náà á tẹ̀ lé e.

Ẹ ṣèpàdé, gbogbo yín sì yíjú sí mi. Ẹ ní mo ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, mo mọ bí a ti ń bá ọmọ wí. Mo gbà láti lọ. Kì í ṣe nítorí Rónkẹ́ ni mo ṣe gbà, ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ni mo fẹ́ mú wálé kí ọ̀kan nínú wa tó kú.

Lagos Town

N kò ní fi ọ̀rọ̀ ọ̀nà gbà yín lákòókò. Bodè kan, bodè kejì, bodè kẹta, ìjókòó mọ́tò tí kò gba ìdí, àti àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń wo ìwé mi bí ẹni pé mo jí i. Nígbà tí mo fi máa sọ̀ kalẹ̀ ní Accra ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ẹsẹ̀ mi ti wú débi pé kò gba bàtà mọ́. Ọwọ́ ni mo fi gbé bàtà mi wọ Lagos Town.

Bẹ́ẹ̀ ni, Lagos Town. Wọ́n ti yí orúkọ àdúgbò náà padà sí Accra New Town tipẹ́, ṣùgbọ́n awakọ̀ tó gbé mi débẹ̀ kò pè é ní nǹkan mìíràn. Àwọn ènìyàn wa ti wà níbẹ̀ láti ayé àwọn bàbá wa. Àwòrán erin àti agboòrùn, àmì àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú wọn, wà lára gbogbo ògiri, torí ìdìbò wọn ti ń sún mọ́lé. Mo rí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n kọ orúkọ Yorùbá gàgàrà sí lókè, mo yà síbẹ̀ láti béèrè ọ̀nà. Ọmọbìnrin tó wà nínú rẹ̀ gbọ́ gbogbo ohun tí mo sọ, ṣùgbọ́n èdè Ga ló fi dá mi lóhùn. Ìka rẹ̀ ni mo tẹ̀ lé.

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó síwájú ibi tó ti ń ta àgádágodo, ìṣó àti híǹjì ilẹ̀kùn. Mo kúnlẹ̀. Ó fà mí dìde, ó ń pe oríkì mi, Àbẹ̀kẹ́, Àbẹ̀kẹ́, ohùn rẹ̀ sì ti di ohùn bàbá wa. Mo sunkún, n kò ní fi pamọ́ fún yín. Ọdún méjìlá nìyẹn tí a ti fojú kan ara wa gbẹ̀yìn, níbi ìsìnkú ìyá wa.

Ìwà àwọn ará ibẹ̀ tutù. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá níwájú rẹ á kọ́kọ́ bẹ̀ ọ́. Ẹni tó fẹ́ ta omi fún ọ á bẹ̀ ọ́. Ẹni tó fẹ́ sọ fún ọ pé rárá, ẹ̀bẹ̀ náà ni yóò fi bẹ̀rẹ̀. Èmi tí mo dàgbà sí àárín yín, níbi tí a ti ń kí ara wa láti òdìkejì títì, mo kígbe kí obìnrin kan tó ń ta ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Obìnrin náà wo Bọ̀dá, ó bi í léèrè bóyá mò ń bínú sí òun ni. Bọ̀dá rẹ́rìn-ín, ó ní Alata ni mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Alata ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti di Alata ní àdúgbò, ẹnikẹ́ni kò sì bi mí ní orúkọ mi mọ́.

Oúnjẹ wọn kò fún mi ní wàhálà. Wọ́n gbé kẹ́ńkè wá, ìyẹn ẹ̀kọ kíkan tí wọ́n fi háhá àgbàdo dì, tó le ju ẹ̀kọ tiwa lọ, pẹ̀lú ẹja díndín àti ata dúdú kan tí wọ́n ń pè ní ṣítọ̀. Kíkan rẹ̀ mú mi léyín ní àkọ́kọ́. Nígbà tí mo máa jẹ ìdajì, mo ti ń wo ti Bọ̀dá.

A ń jẹun lọ́wọ́ ni Rónkẹ́ wọlé. Bàtà rọ́bà tó dé orókún ló wọ̀, pẹ̀lú sòkòtò, ẹrẹ̀ pupa sì ti bò ó dé àyà. Bọ̀dá wò mí, ojú rẹ̀ ń sọ pé, ìwọ náà ṣé o rí i? Ṣùgbọ́n ọmọ náà fi eékún méjèèjì kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, kò sì dìde títí mo fi ní kó dìde.

"Màmá Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ káàbọ̀ o," ó ní. "Ẹ kú ìrìn. Ó ti rẹ̀ yín paa."

Paa ni wọ́n fi ń sọ pé nǹkan pọ̀ gan-an. Ó rẹ̀ mí paa lóòótọ́.

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé sẹ́nu

Ọjọ́ méjì ni Bọ̀dá fi rojọ́ ọmọ rẹ̀ fún mi. Ó ní àwọn ọmọ Yorùbá ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní báńkì, wọ́n wà ní ọ́fíìsì tó tutù, àwọn mìíràn ti di ìyàwó pásítọ̀. Rónkẹ́ tirẹ̀ kàwé tán, ó gba inú igbó lọ. Ó ní ó ti di ará oko, kò sí ẹ̀kọ́ ilé lára rẹ̀ mọ́, kò sì sí ọkùnrin tó máa fẹ́ obìnrin tó ń gun ohun tí ọkùnrin ń gùn. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, á wá parí rẹ̀ síbì kan náà: bí mo bá lè mú un lọ, òun á di ẹrù òun.

Mo gbà á gbọ́. Mo wá ọ̀rọ̀ kan tí n ó sọ fún ọmọ náà, mo tò ó bí mo ti máa ń to ọ̀rọ̀ fún ọmọ aláìgbọràn: bí bàbá rẹ bá kú sí ilẹ̀ àjèjì, ìwọ lo pa á síbẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà le, mo sì fẹ́ kó le. Mo ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ nígbà tí mo bá ń wẹ̀.

Rónkẹ́ kò jẹ́ kí n rí àyè sọ ọ́ nílé. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ó ti ibi iṣẹ́ dé, ó bu omi gbígbóná wá, ó ń bá mi wọ́ ẹsẹ̀ mi tó wú. Kò gbójú sókè.

"Mo mọ ohun tí wọ́n torí ẹ̀ pè yín," ó ní. "Màmá, pliisi, ẹ wá gun alùpùpù náà lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà, ohun tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ, mo máa gbọ́."

Mo rò ó wò pé nínú igbó kò ní sí Bọ̀dá, kò sì ní sí ibi tí ọmọ náà máa sá sí. Mo gbà.

Ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ òsì

A gba Madina kọjá ní òwúrọ̀ Sátidé. Ọjà ti kún dé etí títì, àwọn tròtrò, ìyẹn mọ́tò akérò wọn, ń pe èrò lọ sí àárín ìlú, àwa nìkan la kọjú sí òdìkejì. Bí a ti ń lọ ni ilé ń dínkù, tí òkè sì ń yọ níwájú. A dúró níbi ahéré kan tí àwọn alùpùpù náà wà lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ má rò pé irú èyí tí ọlọ́kadà ń gùn nílé ni. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ló ní, táyà rẹ̀ sanra, ìjókòó rẹ̀ sì gbòòrò bí ẹ̀yìn màlúù. Wọ́n ní kí n tú gèlè mi, kí n dé akoto. Wọ́n fún mi ní sòkòtò. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé n kò wọ sòkòtò rí, mo sì pẹ́ nínú ahéré náà kí n tó lè jáde. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Tọkọtaya kan láti Tema wà níbẹ̀, tí wọn kò tíì pẹ́ tí wọ́n ṣègbéyàwó, àwọn náà kò sì gùn ún rí. Ọkọ ló máa wà á, ìyàwó á jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ní mo ṣe bí akọni. Mo ní kí wọ́n dúró dè mí kí n délé ná.

Rónkẹ́ wá dúró níwájú wa, ó di olùkọ́. Ó fi hàn wá pé lábẹ́ àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún ni agbára ẹ̀rọ náà wà: bí o bá tẹ̀ ẹ́, á lọ, bí o bá gbé àtàǹpàkò kúrò, kò ní lọ mọ́. Ọwọ́ òsì ló ń di bírékì mú. Ó sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ará Tema, ó sọ ọ́ ní Yorùbá fún mi, ó wá ní kí n tún un sọ kí òun gbọ́. Èmi tí mo fi ọdún márùndínlógójì pàṣẹ fún ọmọ ọlọ́mọ pé kó tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó ní mo gbà á, ó ní kí n yí pápá po lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo yí i po, ó sì ní ká máa lọ: òun níwájú, èmi lẹ́yìn òun, àwọn ará Tema lẹ́yìn mi.

Ẹ kú iṣẹ́

Ilẹ̀ pupa ni, ó jọ tiwa. Oko ẹ̀gẹ́, igi máńgòrò, ọ̀pẹ, odò kékeré kan tí omi rẹ̀ kò dé kókósẹ̀, koríko tó ga ju orí lọ. Ó yẹ kí inú mi dùn. Àwọn ará Tema ń hó fún ayọ̀ ní gbogbo kòtò tí a bá já sí. Ní tèmi, ìbàdí mi ń ka gbogbo òkúta tó wà lójú ọ̀nà. Eruku wọ imú, òógùn wọ ojú, àtàǹpàkò mi sì ti kú títí dé ọrùn ọwọ́. A kò tíì rìn dé ibì kan ni mo ti ń gbàdúrà pé kí a yí padà.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣe àṣìṣe tí ẹ̀yin náà ò bá ṣe. A kan àwọn obìnrin mẹ́ta tí wọ́n jókòó ti òkìtì ẹ̀gẹ́, tí wọ́n ń bó o. Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Ta ló máa ń kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láìkí i? Mo gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, mo ní ẹ kú iṣẹ́ o. Alùpùpù dúró. Àwọn ará Tema dúró lẹ́yìn mi. Rónkẹ́ bojú wẹ̀yìn, ó padà wá, ó bi mí pé kí ló bà jẹ́. Mo ní kò sí nǹkan tó bà jẹ́, mò ń kí wọn ni. Àwọn obìnrin náà fi èdè wọn dáhùn, ẹnu wọn kún fún ẹ̀rín.

A tún lọ díẹ̀, mo tún dúró, torí bàbá kan tó ń gun ọ̀pẹ. Ṣé kí n kọjá ẹni tó wà lórí ọ̀pẹ láìkí i? Rónkẹ́ tún padà wá. Ó bẹ̀ mí pé kí n má gbé ọwọ́ kúrò mọ́, kí n kàn máa mi orí. Mo bi í pé níbo ló ti rí i tí a ń fi orí kí ènìyàn. Ó padà sórí ẹ̀rọ rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kẹta ló burú. A ń gun òkè kan tí òjò ti fọ́ ojú rẹ̀. Ní apá ọ̀tún, lórí etí ọ̀nà, bàbá arúgbó kan dúró pẹ̀lú àdá lọ́wọ́, orí rẹ̀ funfun báláú. Mo pinnu pé n kò ní kí i. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá rẹ̀. Nígbà tí ojú wa ṣe mẹ́rin, ọwọ́ mi gbé ara rẹ̀ sókè, eékún mi náà sì fẹ́ tẹ̀ lórí ohun tí mo jókòó lé. Alùpùpù dákẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ padà sẹ́yìn. Mo gbàgbé ọwọ́ òsì. Mo gbàgbé gbogbo ohun tí mo tún sọ. Mo gbọ́ tí ìyàwó ará Tema kígbe, mo sì gbọ́ tí ọkọ rẹ̀ yà bàrá wọ inú koríko.

"Bírékì! Tẹ̀ ẹ́!" Rónkẹ́ ló pariwo, kò fi ẹ̀yin kún un, kò ní màmá. "Ọwọ́ òsì, tẹ̀ ẹ́!"

Mo tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo máa gbójú sókè, ó ti sáré dé ọ̀dọ̀ mi, ó ti fi òkúta ti táyà, ó sì di ọwọ́ mi mú mọ́ bírékì bí ẹni pé n kò ní lè dá a dì mú mọ́ láéláé. Ó lọ wo àwọn ará Tema. Koríko ti ha wọ́n lójú, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó bẹ̀ wọ́n pẹ́. Nígbà tó padà sọ́dọ̀ mi, ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó ní kí n má bínú pé òun pariwo mọ́ mi. Ojú tì mí. Èmi ni mo fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ nítorí ẹ kú iṣẹ́, òun ló ń tọrọ àforíjì.

Bàbá arúgbó náà ti sọ̀ kalẹ̀ wá sí ojú ọ̀nà. Rónkẹ́ ṣí akoto rẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí i pẹ̀lú. Wọ́n jọ sọ̀rọ̀ ní èdè Twi, ó pẹ́ díẹ̀. Mo ń gbọ́ Alata, Alata nínú rẹ̀, mo sì rò pé èmi ni wọ́n ń sọ. Nígbà tó parí, mo bi Rónkẹ́ pé kí ni bàbá náà wí.

"Wọ́n ń béèrè Dádì," ó ní. "Wọ́n ní ẹsẹ̀ wọn ńkọ́, ṣé ikọ́ ti lọ."

Ó wá yé mi pé ọmọ náà kì í kàn gba ọ̀nà náà kọjá. Ó sọ fún mi pé ní ìgbà tí iṣẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀, àwọn ará oko gé igi dábùú ọ̀nà. Ariwo ẹ̀rọ ń dẹ́rù ba adìẹ wọn, àwọn tó sì ń gùn ún kì í wo ojú ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá rẹ̀ fẹ́ gba ibòmíràn. Rónkẹ́ fi ẹsẹ̀ rìn wá, òun nìkan, ó ń kúnlẹ̀ láti ahéré dé ahéré bí bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ láti kékeré. Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Ẹtì, ó máa ń rin ọ̀nà yìí láìgun nǹkan kan. Á kí wọn, á béèrè aláìsàn, á sọ irú ẹni tó ń bọ̀ lọ́jọ́ kejì. Bí ọjọ́ Sátidé bá wá dé, a ti kí gbogbo wọn tán, kò sí ẹni tó máa bínú sí ẹni tó bá ń kọjá.

"Màmá, mo ti kí wọn fún yín lánàá," ó ní. "Mo ní àbúrò Dádì mi ń bọ̀ láti ilé. Mo ní wọ́n ti dàgbà, wọn ò ní lè sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo wọn ní kò burú."

Mo jókòó sórí koríko.

Lábẹ́ máńgòrò

A sinmi lórí òkè lábẹ́ igi máńgòrò. Kẹ́ńkè náà ni a jẹ. Àwọn ará Tema lọ ya fọ́tò, ó ku èmi àti Rónkẹ́. Gbogbo ara ló ń dùn mí, kò sí oríkèé tó ṣẹ́kù. Ó yẹ kí n dákẹ́ lẹ́yìn ohun tí ojú mi ti rí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ rán mi, ẹ̀gbọ́n mi ń dúró dè mí nílé, ọ̀rọ̀ náà sì ti pẹ́ lẹ́nu mi. Mo la ẹnu, mo sọ ọ́ bí mo ti tò ó. Mo ní bí bàbá rẹ bá kú sí ilẹ̀ àjèjì, Rónkẹ́, ìwọ lo pa á síbẹ̀.

Ó gbé kẹ́ńkè ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Kò sunkún. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀ kó tó dá mi lóhùn.

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti ní kí Dádì jẹ́ ká jọ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́," ó ní. "Mo ní ká lo oṣù mẹ́ta wò. Ẹ̀kíní, wọ́n ní òjò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kejì, wọ́n ní kò sẹ́ni tó máa bá wọn ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù. Màmá, kì í ṣe èmi ni mo dá wọn dúró. Pliisi, ẹ bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n fẹ́ lọ."

Ó kó háhá kẹ́ńkè wa jọ, ó lọ pe àwọn ará Tema pé ó tó àkókò. Ìgbà tí a ń sọ̀ kalẹ̀, n kò gbé ọwọ́ mi kúrò mọ́. Mò ń rí àwọn ènìyàn lójú oko, mò ń wo ẹ̀yìn ọmọ náà níwájú mi, mo sì ń kọjá. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ ń dùn mí ju ìbàdí lọ.

Ìbéèrè

Ọjọ́ Ìsinmi ni mo tó lè dìde dáadáa. Lẹ́yìn ìsìn, Rónkẹ́ lọ kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, Bọ̀dá sì bọ́ bàtà, ó gbé ẹsẹ̀ lé àpótí nínú pálọ̀. Mo jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Mo ní kó má bínú sí ohun tí mo fẹ́ bi í.

"Bọ̀dá, bí Rónkẹ́ bá di ẹrù rẹ̀ lọ́la, ṣé ẹ ó tẹ̀ lé wa?"

Ó ní ẹsẹ̀ òun ò tíì san. Ó ní ó dìgbà tí ìdìbò bá kọjá, kò sẹ́ni tó mọ bí ọ̀nà á ti rí. Ó ní àwọn ọjà kan ṣì ń bọ̀. Mo dákẹ́, bí mo ti máa ń dákẹ́ fún ọmọ iléèwé tí kò fẹ́ sọ òtítọ́, títí àwáwí á fi tán lẹ́nu rẹ̀. Ó tán lẹ́nu ẹ̀gbọ́n mi pẹ̀lú.

"Nígbà tí mo wálé sin Màmá," ó ní, "mo fi ẹsẹ̀ rìn láti ilé wa dé ọjà. Mo kí gbogbo ẹni tí mo rí. Wọ́n dá mi lóhùn dáadáa, Àbẹ̀kẹ́, n kò parọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló bi mí pé ọmọ ta ni mí. Èmi, ọmọ ọgọ́ta ọdún. Mo dárúkọ bàbá wa, wọn ò mọ̀ ọ́n. Àwọn tó mọ̀ mí ti wà nínú ilẹ̀. Ta ni mo mọ̀ níbẹ̀ mọ́?"

"Ẹ mọ̀ mí," mo ní.

"Mo mọ̀ ọ́," ó ní. "Ìwọ nìkan."

Ẹnì kan gba ẹnu ọ̀nà kọjá ní àkókò náà, ó fi Hausa kí i, ó pe orúkọ rẹ̀. Bọ̀dá dáhùn, ó béèrè ọmọ rẹ̀ tí ibà ń ṣe. Ọkùnrin náà dúró, ó ṣàlàyé fún un láti ojú fèrèsé, ó dúpẹ́, ó lọ. N kò bẹ Bọ̀dá mọ́. Mo fi orí lé eékún rẹ̀ bí mo ti máa ń ṣe nígbà tí a wà ní kékeré, a sì jókòó bẹ́ẹ̀ títí Rónkẹ́ fi dé.

Kí n tó kúrò ní Accra, mo ròyìn ìrìn ọjọ́ Ẹtì ọmọ rẹ̀ fún Bọ̀dá. Mo ní ẹ̀kọ́ ilé tó ní kò sí lára Rónkẹ́, mo ti bá a pàdé nínú igbó, ní ibi tí kò sí ẹni tó ń wò ó. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mo máa lọ, òun fúnra rẹ̀ ló bá ọmọ náà fọ bàtà rọ́bà rẹ̀.

Ẹ̀yin ará ilé, ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ẹ yé bú Rónkẹ́ fún mi. Èmi àti ẹ̀yin la jọ fi ẹ̀sùn tí kò jẹ lé ọmọ náà lórí, mo sì ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ fún gbogbo wa. Ẹ rántí pé láti ọjọ́ ìsìnkú Màmá ni a ti ti yàrá iwájú pa, tí a ń dúró de Bọ̀dá. Dàpọ̀, ọmọ ọmọ ẹ̀gbọ́n wa àgbà, fẹ́ gbéyàwó, kò sì rí ibi tó máa gbé ìyàwó sí. Kí ó wá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ti gbá yàrá náà, mo ti ṣí fèrèsé rẹ̀. Bọ̀dá kò ní wálé.